Ìkòkò Òjé Tó Wà Lábẹ́ Ìsọ̀ Màmá Alágbo

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tí a máa ń sọ lójú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ irin ni. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i kọjá, nítorí irin tí mo fẹ́ sọ yìí lè wà lẹ́yìnkùlé ẹlòmíì báyìí, kí onítọ̀hún má sì mọ̀.

Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó yóò mọ Jankara, ọjà tí àwọn èèyàn ti ń wá egbò igi, èèpo igi, àgbo, ìlẹ̀kẹ̀ àti oríṣiríṣi nǹkan tí wọn kò rí níbòmíì. Àdúgbò yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ìlẹ̀kẹ̀ sì ni ìyá mi tà níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta àgbo, tí èmi ń pè ní Màmá, ló ránṣẹ́ pè mí ní Sátidé kan lọ́dún tó kọjá.

"Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, wá bá mi wo ọwọ́ ọmọ yìí," Màmá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Mo ti fi àgbo wẹ̀ ẹ́, mo ti fi òrí pa á, kò lọ. Àwọn kan ní àsasí ni."

Ọmọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Iṣẹ́ kọ́ńdẹ́mù ló ń ṣe. Ó ń ti ọmọlanke láti Idumota dé Ebute-Ero, ó ń ra irin, kọ́pà àti bátìrì mọ́tò tó ti kú. Bó bá rí òjé, á yọ́ ọ, á tà á fún àwọn apẹja tí wọ́n ń so ó mọ́ ìdí àwọ̀n. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ́n, awọ ń bó. Mo bi í bóyá omi gbígbóná ló dà sí i. Ó ní, "Rárá, Àǹtí."

Mo ń wá ibi tí mo máa jókòó sí. Màmá nawọ́ sí nǹkan kan tó dà bí ìkòkò irin kékeré lábẹ́ ìsọ̀, tí wọ́n ká aṣọ lé lórí. Ó ní, "Jókòó síbẹ̀, kò ní wó. Ibẹ̀ lèmi náà ń jókòó sí." Mo jókòó. Ìkòkò náà kò mì rárá, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ìgbà tí aṣọ náà yẹ̀ lábẹ́ mi ni mo rí àmì kan lára rẹ̀ tó ti fẹ́ẹ́ pa rẹ́. Àwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀, róbótó dúdú kékeré kan wà láàárín, abẹ̀bẹ̀ dúdú mẹ́ta sì yí i ká.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fò dìde bí ẹni tí àkekèé ta. Àmì yẹn ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀ksíréè ní àwọn ọsibítù tí mo ti ṣiṣẹ́.

Mo ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Màmá fẹ́ gbé e jù síta, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án. Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì, mo sì sọ ohun tí mo rí. Kí wọ́n tó dé, mo bi Màmá pé, "Ó ti tó ìgbà wo tó ti wà níbí?" Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹní tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń sùn lé lọ́sàn-án wà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún yín kí n tó sọ bó ṣe parí.

Kí ni ìtànṣán yìí?

Ìtànṣán tí àwọn òyìnbó ń pè ní rédíéṣọ̀n kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, èèyàn kì í sì í mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá ń wọlé. Ó ń gba inú ẹran ara kọjá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú gíláàsì. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ ẹ̀ksíréè fi ń ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ náà, ìtànṣán tán nìyẹn.

Irú kejì ló ṣòro jù. Nǹkan kan bí irin tàbí ìyẹ̀fun ló ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, tọ̀sán-tòru, kò sì sí bọ́tìnì tí èèyàn lè tẹ̀ kó fi dáwọ́ dúró. Òun là ń pè ní orísun ìtànṣán. Òmíì kò ju orí ìka lọ. Wọ́n máa ń dì í sínú irin tó dán, wọ́n á wá gbé e sínú ìkòkò tàbí àpótí òjé, nítorí pé òjé máa ń dá ọ̀pọ̀ irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ dúró. Ó máa ń pẹ́ kí agbára rẹ̀ tó rọ̀. Cobalt-60 máa ń lò ju ọdún 5 lọ kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Caesium-137 ń lo ọdún 30. Americium-241 ń lò ju ọdún 430 lọ. Ẹni tó gbé e pamọ́ lónìí á ti kú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á ti kú, nǹkan náà á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ẹ má rò pé ọsibítù nìkan ni wọ́n ti ń lò ó. Àwọn tó ń wa epo ń fi í yẹ inú kànga wò. Àwọn tó ń jó páìpù ń fi iridium-192 wò ó bóyá ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ dáadáa. Àwọn tó ń ṣe títì ń fi í wo bí ilẹ̀ ṣe le tó. Ní iléeṣẹ́ ọtí àti ohun mímu, wọ́n lè fi í wò ó bóyá ìgò kún dé ibi tó yẹ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ń lò ó. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ẹ̀rọ rìákítọ̀ kékeré kan wà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004 fún ìwádìí. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, wọ́n sì wúlò, bí ẹni tó ni ín bá mọ ibi tó wà, tí ìjọba náà sì mọ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ bá kógbá sílé, tí ọ̀gá bá kú, tí àwọn ọmọ bá pe oníkọ́ńdẹ́mù pé kó wá kó gbogbo irin tó wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Orísun tí kò lẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ọmọ òrukàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brazil

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Goiânia ní Brazil, orílẹ̀-èdè tí àwọn baba ńlá àwọn ará Pópó Àgùdà ti padà wá sí Èkó. Ọsibítù aládàáni kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ kó kúrò níbi tó wà níbẹ̀ ní ọdún 1985. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó ní caesium-137 nínú sílẹ̀ síbẹ̀, wọn kò sì sọ fún iléeṣẹ́ ìjọba tó fún wọn ní ìwé àṣẹ.

Ní September 1987, ọkùnrin méjì tó ń wá kọ́ńdẹ́mù wọ ahoro náà. Wọ́n tú ẹ̀rọ yìí, wọ́n sì tà á fún ẹni tó ń ra àlòkù irin. Nígbà tó di alẹ́, ẹni tó rà á rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ búlúù. Ó wù ú. Ó pe ẹbí, ó pe ọ̀rẹ́, ó ń bù ú fún wọn. Àwọn kan fi í pa ara bí ẹni fi àtíkè pa ara. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan fi ọwọ́ tó fi kàn án jẹun.

Kò pẹ́ ni èébì bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, awọ ara ń bó. Àwọn dókítà kọ́kọ́ rò pé àìsàn ilẹ̀ olóoru ni. Ìyàwó ẹni tó ra irin náà ló fura. Òun ló ní ohun tí ọkọ òun gbé wálé yìí ló ń pa gbogbo àwọn, ó sì ní kí wọ́n dì í sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé e lọ bá àwọn elétò ìlera. Ìfura obìnrin yìí gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là, àmọ́ kò gba tirẹ̀ là. Èèyàn 4 ló kú, òun àti ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà yẹn sì wà lára wọn. Èèyàn bí 112,000 ni wọ́n yẹ̀ wò ní pápá ìṣeré ìlú náà. Wọ́n bá a lára èèyàn 249.

Kí ló fà á? Ẹnì kan kó kúrò nílé, kò sì sọ fún ẹni tó ni ìwé orúkọ pé ẹ̀rọ òun ṣì wà níbẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ tiwa náà ńkọ́?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní December 2002, wọ́n jí orísun ìtànṣán americium tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ Halliburton, tí wọ́n fi ń yẹ kànga epo wò, nígbà tí wọ́n ń gbé e nínú ọkọ̀ láàárín Warri àti Port Harcourt. Ní ọdún 2003, Jámánì ni wọ́n ti rí i, láàárín àlòkù irin tí wọ́n fẹ́ yọ́. Ẹ ro iye ọwọ́ tó ti lè kọjá kó tó débẹ̀. Ẹ ro iye ọmọlanke, iye ọkọ̀, iye èèyàn tó jókòó tì í.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ẹ gbọ́ tiyín náà. Ní February 1999, ní Yanango ní ilẹ̀ Peru, wẹ́dà kan rí irin kékeré kan nílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó mú un, ó tì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Iridium-192 ni. Nígbà tó yá, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìwé orúkọ tí ìjọba ń kọ

Ìjọba wa kò ṣàì mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní February 1960, jìnnìjìnnì bá ọ̀pọ̀ èèyàn pé afẹ́fẹ́ lè gbé oró rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Nàìjíríà bínú débi pé ó já àjọṣe pẹ̀lú Faransé ní January 1961. Láàárín àwọn ọdún 1960 yẹn kan náà ni wọ́n dá Federal Radiation Protection Service sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó máa bá wa ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìtànṣán.

Ní ọdún 1995, ìjọba ṣe òfin tó dá Nigerian Nuclear Regulatory Authority sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NNRA. Ọdún 2001 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu, Abuja sì ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó orísun ìtànṣán wọ̀lú, kò gbọ́dọ̀ ní in, kò gbọ́dọ̀ lò ó, kò gbọ́dọ̀ gbé e kiri, kò sì gbọ́dọ̀ dà á nù láìgba àṣẹ. Ní ọdún 2006, wọ́n tún ṣe ìlànà mìíràn lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ dáàbò bo àwọn orísun yìí kí ọwọ́ olè má tó wọn.

Iṣẹ́ náà dà bí iṣẹ́ àwọn tó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Orísun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n ń kọ irú èyí tó jẹ́, bí agbára rẹ̀ ṣe tó, ọjọ́ tí wọ́n wọn agbára náà, ẹni tó ni ín àti ibi tó ń gbé. Bí ó bá ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ibi tó lọ, bóyá wọ́n dá a padà fún àwọn tó ṣe é tàbí wọ́n gbé e síbi ìpamọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Vienna, pín àwọn orísun yìí sí ipele 1 dé ipele 5. Èyí tó wà ní ipele 1 lè pa ẹni tó bá sún mọ́ ọn láìsí ìbòjú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan.

Bí iṣẹ́ ìjọba ṣe wù kó dára tó, ìwé kò lè kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin àti èmi.

Bó ṣe parí ní Jankara

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́. Wọ́n ń sún mọ́ ìkòkò náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo ojú ẹ̀rọ wọn. Ẹ̀rọ kò pariwo. Wọ́n ṣí i, òfìfo ni. Wọ́n yẹ Màmá wò, wọ́n yẹ ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ èmi náà wò. Kò sí nǹkan kan lára wa. Ọwọ́ ọmọ tó ń bó ńkọ́? Ásíìdì bátìrì ló jẹ ẹ́.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, o tiẹ̀ fẹ́ kó ẹ̀rù pa mí ni." Gbogbo ọjà bá a rẹ́rìn-ín. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ìdí ni pé ọ̀kan nínú àwọn tó wá bi ọmọ náà pé níbo ni pátákó kékeré tó yẹ kó wà lára ìkòkò yìí wà. Ó ní, "Idẹ ni, mo ti yọ ọ́ tà lọ́tọ̀." Pátákó idẹ yẹn ni nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Wọ́n bi í pé ta ló ta ìkòkò náà fún un, ó ní òun rà á mọ́ irin mìíràn ni, òun kò rántí ilé tó ti wá. Ọkùnrin náà fún mi lálàyé pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti dá ohun tó wà nínú rẹ̀ padà sókè òkun lọ́nà ẹ̀tọ́ kí ẹnì kan tó ta ìkòkò lásán. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ láìsí nọ́ńbà, ìwé wo lèèyàn fẹ́ ṣí? Idẹ tí owó rẹ̀ kò tó ra búrẹ́dì kan ló gbé ìtàn gbogbo ìkòkò náà lọ.

Àwọn tó sọ pé àsasí ni kò jìnnà sóòótọ́ níbì kan. Ohun tó ń ṣe èèyàn láti òkèèrè láìfọwọ́ kàn án wà lóòótọ́. Àmọ́ eléyìí kò nílò ọ̀tá. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń mú, àgbà ni o, ọmọdé ni o.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Èkíní, ẹ mọ àmì náà, kí ẹ sì fi han àwọn ọmọ yín. Èyí tó wọ́pọ̀ ni abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tó yí róbótó kan ká, lórí yẹ́lò. Láti ọdún 2007, òmíràn tún ti wà fún àwọn orísun tó léwu jù. Igun mẹ́ta aláwọ̀ pupa ni. Ìtànṣán ń bọ̀ láti òkè, agbárí òkú wà níbẹ̀, èèyàn kan sì ń sá lọ. Ẹni tí kò kàwé náà yóò mọ ohun tó ń wí.

Èkejì, bí irin kékeré bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tó dà bí òjé, tí kọ́kọ́rọ́ tàbí àmì wà lára rẹ̀, ẹ má tú u, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má yọ́ ọ. Ẹ má yọ pátákó tàbí nọ́ńbà ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ sún sẹ́yìn. Bí ẹ bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ìtànṣán tó ń dé ara yín yóò dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ lé àwọn ọmọdé àti aláboyún kúrò nítòsí. Ẹ pe 112 tàbí 767 bí ẹ bá wà ní Èkó, ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ rí àmì rédíéṣọ̀n, kí wọ́n lè ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kàn án, kó má jẹun, kó má mu sìgá. Kó bọ́ aṣọ òde, kó dì í sínú nylon, kó sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ ara. Kò gbọ́dọ̀ fi kànrìnkàn líle bó ara.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì àti dókítà. Èébì láàárín wákàtí díẹ̀, awọ tó pọ́n tó sì léròrò láìsí iná, irun tó ń já lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, gbogbo èyí lè jọ ibà, ó lè jọ táífọ́ọ̀dù, ó lè jọ àsasí. Bí ẹ bá sọ pé, "Mo gbé irin kan báyìí báyìí," ẹ ti ràn wá lọ́wọ́ ju àyẹ̀wò mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iléeṣẹ́, tẹ́ ẹ fẹ́ kó kúrò tàbí kẹ́ ẹ tì í pa, ẹ wá ìwé yín jáde. Ẹ wò ó bóyá orísun ìtànṣán wà nínú ẹ̀rọ yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún NNRA kẹ́ ẹ tó pe oníkọ́ńdẹ́mù. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ jogún iléeṣẹ́ bàbá yín, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ kí wọ́n tó lọ.

Ẹ má sì torí ọ̀rọ̀ mi yìí sá fún ẹ̀ksíréè o. Bí dókítà bá ní ẹ nílò rẹ̀, ẹ ṣe é. Obìnrin tó bá lóyún tàbí tó rò pé òun lóyún ni kó kọ́kọ́ sọ. Ìtànṣán ẹ̀ksíréè kì í bá yín délé.

Ìkòkò òjé ti kúrò lábẹ́ ìsọ̀ Màmá. Àga onírọ́bà ló ń jókòó lé báyìí. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń ti ọmọlanke, àmọ́ ó ti ní ìbọ̀wọ́, ó sì ní kí n ya àmì náà sára ìwé fún òun. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọlanke rẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa rí i.

Bí ẹ bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ má dákẹ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.